Ọgọ́rin Ọjọ́ tí Àga Tóbi Fi Ṣófo

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òótọ́ ni. Mo fi eyín mẹ́rin tó kù lẹ́nu mi búra. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí wọ́n jábọ́ sínú ẹ̀bà lọ́la, kí n sì gbé wọn mì. Ẹ ṣá má bi ìyá Sheriff, ọmọ-ọmọ mi, léèrè. Kò sí níbẹ̀, ariwo lásán ló mọ̀.

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Olúwaṣìkẹ́mi Ilésanmí, ọmọ Èkìtì tó ń gbé ní Baruwa. Bàbá rẹ̀ fi ọgbọ̀n ọdún ṣe tíṣà. Bóyá ìyẹn ló fà á tí òun náà fi máa ń wo èèyàn bí ẹni tó fẹ́ máàkì ìwé rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ piọ́ wọ́tà Ọ̀gá Julius ní Ìgàndó ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń bójú tó o pé kí omi dára kó tó jáde. Àǹtí Kúálítì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n bó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ẹ̀rọ pàápàá á rẹ ohùn sílẹ̀.

Ìwé òfin iṣẹ́ wọn nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Òfin tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ kò wá gùn rárá: ẹni tó yẹ omi wò kọ́ ni yóò fọwọ́ sí i pé kó jáde. Èèyàn méjì ni yóò buwọ́ lu ìwé. Tóbi ló ń yẹ̀ ẹ́ wò: á gbóòórùn rẹ̀, á tọ́ ọ wò, á tẹ ọ̀rá rẹ̀ bóyá ó ń jò. Ṣìkẹ́mi á wá wo iṣẹ́ Tóbi, á sì fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ títí Tóbi fi rí ìwé ìrìnnà, tó gba Kánádà lọ. Àga rẹ̀ ṣófo.

Ẹ máa rò pé kí wọ́n tètè gba ẹlòmíràn ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí. Nígbà tí Ọ̀gá Julius ra ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹbí wa, àdéhùn wà nínú ìwé pé bí àyè iṣẹ́ bá ṣófo níbẹ̀, ẹbí onílẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fa ẹnì kan kalẹ̀. Bàbá-ńlá wa sì fẹ́ ìyàwó mẹ́rin, ìdí-igi mẹ́rin ni wá. Ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ní tòun ló kàn. A ṣe ìpàdé. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, a jẹ mọ́ínmọ́ín, a túká. Ní ìpàdé kejì, a jà lórí ẹni tó jẹ mọ́ínmọ́ín jù ní ìpàdé àkọ́kọ́. Nígbà tí a fi máa ṣe ìpàdé karùn-ún, ewúrẹ́ méjì ti bímọ nílé wa. Èmi ni mo ń ṣojú ìdí-igi kejì, Sheriff ọmọ-ọmọ mi ni mo sì fẹ́ fi síbẹ̀. Mi ò lè purọ́ fún yín, èmi náà dá kún un.

Ní gbogbo àkókò yìí, Ṣìkẹ́mi bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Abigail, tó ń ṣe irú iṣẹ́ Tóbi ní Ìdímù, kó máa wá yẹ omi wò ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ méjì yẹn nìkan ni omi ń jáde ní gééètì. Inú bí Ọ̀gá Julius títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hó. Àfi bí ìwé ṣe dé pé àwọn tó ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí omi ń bọ̀ wá ṣe àbẹ̀wò. Ó pe Ṣìkẹ́mi.

"Ṣìkẹ́mi, fi orúkọ Tóbi buwọ́ lu ìwé wọ̀nyẹn jàre. Ṣebí o mọ bó ṣe máa ń kọ ọ́."

"Tóbi wà ní Kánádà, sà. Ṣé láti ọ̀hún ló ti ń gbóòórùn omi Ìgàndó ni?"

"Wọ́n máa gba ìwé-ẹ̀rí mi!"

"Bí wọ́n bá rí ìbuwọ́lù ẹni tí kò sí nílùú, kíákíá ni wọ́n máa gbà á."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà á, ìwọ náà máa palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́."

"Mo ti gbọ́, sà." Ó jáde, ó mú báírò pupa, ó sì kọ òótọ́ sílẹ̀.

Ọkùnrin onígíláàsì kan ló wá ṣe àbẹ̀wò náà. Ó ṣí ìwé, ó sì rí i gàdàgbà: "Àga olùyẹ̀wò omi ṣófo. Ìdí rẹ̀: ẹbí onílẹ̀ kò tíì fẹnu kò. Ewu rẹ̀: omi tí kò dára lè jáde. Ohun tí à ń ṣe sí i: Abigail ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, a ò sì jẹ́ kí omi jáde lọ́jọ́ tí kò bá wá." Ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín títí gíláàsì rẹ̀ fi já sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Màdáàmù, ibi gbogbo tí mo ń lọ, gbogbo àga ló máa ń kún nínú ìwé. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi èyí tó ṣófo hàn mí." Ó nu gíláàsì rẹ̀. "Ṣùgbọ́n kò lè máa rí báyìí lọ. Mo fún yín ní ọjọ́ mẹ́wàá. Bí àga yẹn bá ṣì ṣófo, mo máa gba ìwé-ẹ̀rí."

Ọjọ́ mẹ́wàá! Ẹbí wa kì í fi ọjọ́ mẹ́wàá mú ọjọ́ ìpàdé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Ṣìkẹ́mi wọlé sí agboolé wa ní Ìkòtún, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jà mọ́. Kí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan wá láàárọ̀ Sátidé. Ẹni tí imú àti ahọ́n rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, òun la máa gbà."

"Ta ló máa ṣe adájọ́?" ni mo bi í. "Torí mo mọ àwọn èèyàn mi."

"Omi ni, bàbá."

Mo gba Sheriff nímọ̀ràn dáadáa. Mo ní, "Bí wọ́n bá gbé omi fún ọ níwájú ọ̀gá, yìn ín o. O kò gbọdọ̀ sọ pé omi ẹni tó gbà ọ́ lálejò kò dára, àbí ta ló tọ́ ọ?" Mi ò mọ̀ pé ìmọ̀ràn kan náà ni àwọn àgbà yòókù ń fún àwọn ọmọ tiwọn.

Ní Sátidé, Ṣìkẹ́mi to ife márùn-ún sórí tábìlì ní ilé-iṣẹ́. Mẹ́rin dára. Omi inú ìkẹta, inú rọ́bà tuntun ló sùn mọ́jú. Ọ̀gá Julius jókòó bí ọkọ ìyàwó. Tàjùdíìnì láti ìdí-igi kìíní tọ́ gbogbo rẹ̀ wò: "Omi yín dùn, sà." Sheriff tèmi dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá, ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ife: "Kò sírú ẹ̀ l'Ékòó, sà!" Al-Ameen láti ìdí-igi kẹta mu márààrún tán, ó sì béèrè bóyá ó kù.

Ó wá kan Àdíját. Wọn ò rí ọkùnrin tó ráyè nínú ìdí-igi kẹrin ni wọ́n fi rán an wá. Ilé ìṣerun ló ti ń kọ́ṣẹ́. Ó gbóòórùn ife kìíní, ó tọ́ ọ wò, ó kọjá. Ó ṣe ìkejì bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé ìkẹta, ó dúró. Ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wo ọ̀gá, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Omi yìí ń rùn bíi rọ́bà. Mi ò lè gbé e fún ọmọ ẹnikẹ́ni mu."

"Hà! Àdíját!" Gbogbo wa pariwo. Olórí ìdí-igi rẹ̀ fi fìlà bojú. Èmi ṣá na ọwọ́, mo gbé ife kẹta yẹn, mo tọ́ ọ wò, mo tu ú dànù, mo ní, "Òótọ́ lọmọ yìí sọ!"

Ṣìkẹ́mi ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ hàn síta. "Ọ̀gá, a ti rí ẹni."

"Ẹni tó bú omi mi lójú mi?"

"Òun gan-an, sà. Ẹ̀yin lẹ máa sanwó fún un kó máa bú u."

Ọ̀gá fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde.

Láti ọjọ́ Ajé, Ṣìkẹ́mi ò jẹ́ kí Àdíját dá nìkan ṣe é. Abigail jókòó tì í títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí onígíláàsì padà dé, ìbuwọ́lù méjì ló bá nínú ìwé, ti ẹni méjì tó wà nílùú. Ìwé-ẹ̀rí kò kúrò lára ògiri, Ṣìkẹ́mi náà kò sì palẹ̀ ẹrù kankan mọ́. Ó fi báírò pupa kọ ọ́ pé, "Àga ti kún lẹ́yìn ọgọ́rin ọjọ́." Ó tún fi ìlà kan sí i: kí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan máa ní ẹnì kan tó ti kọ́ṣẹ́ náà sílẹ̀, kí àga tó ṣófo. A buwọ́ lù ú, láìjẹ mọ́ínmọ́ín.

Sheriff wà lára àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ náà báyìí. Ó ń gbóòórùn gbogbo nǹkan, títí kan ọbẹ̀ ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ariwo yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan. Ẹ̀bà ni mo fẹ́ jẹ lọ́la, mo sì fẹ́ràn eyín mi. Gíláàsì tó já sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, òótọ́ ni. Ewúrẹ́ méjì bímọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ife kẹta yẹn, mi ò tu ú dànù. Mo mu ún tán, mo lá ètè mi, mo ṣàdúrà fún Ọ̀gá Julius, mo sì ní kí wọ́n bu òmíràn sí i.