Iṣu Ẹ̀yìn Ilé Onítáyà

Bí mo bá ti gbóòórùn bíréèkì tó ń jó báyìí, ọmọ mi, bàbá mi ni mo máa ń rántí. Píkọ́ọ̀pù kékeré ló fẹ́ fi wọ́ ilé onítáyà òyìnbó oníwàásù kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́. Àlejò kì í kúrò lọ́dọ̀ wa lọ́wọ́ òfo, la bá di iṣu kún inú ilé náà lápá ẹ̀yìn.

Bàbá mi ní, "Ẹ kó o síwájú, ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Iwájú kẹ̀? Ṣé orí iṣu lẹ fẹ́ kí òyìnbó sùn?"

Bí wọ́n ṣe gbéra, ìdí ilé náà ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ìdí pẹ́pẹ́yẹ. Àwa ọmọdé ń pàtẹ́wọ́. Bàbá mi fọwọ́ méjèèjì di sítíárì mú, ó ń tẹ bíréèkì títí òórùn rẹ̀ fi kàn wá, kò juwọ́ sí wa.

Mo ti bímọ kí n tó mọ̀ pé ẹrù ìdí ló ń jẹ́ kí irú ilé bẹ́ẹ̀ fì títí yóò fi gbé ọkọ̀ iwájú ṣubú.

Nírọ̀lẹ́, èrò kún àgbàlá wa, wọ́n ń kí ìyá mi pé, "Ẹ kú ìrọ́jú." Mo rò pé àlejò mìíràn ló dé, mo sáré lọ bu omi wá fún wọn.