Ẹrù Tí Sìdíkà Rù Jáde Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí oko ṣì pọ̀ ju ilé lọ ní Ìkòsì, ìyá mi àgbà ni mo máa ń tẹ̀ lé lọ ṣẹ́gi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ gbọ́ o. Tí ìyá àgbà bá di igi rẹ̀ tán, kì í dá a gbé. Á jókòó tì í lẹ́bàá ọ̀nà, á máa retí ẹni tó ń bọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ, ì báà jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ jà lánàá, á ní, "Bá mi gbé e rù." Onítọ̀hún á sì gbé e rù ú. Tó bá délé, ẹlòmíràn á bá a sọ̀ ọ́ sílẹ̀. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kì í dá gbé e. Ó ní, "Ọrùn mi ló ń rù ú. Ọwọ́ tó ń gbé e ru èèyàn, ti ẹlòmíì ni."

Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Ṣùgbọ́n Sìdíkà ìyàwó mi, olórí ìwé ni. Ní àwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọwọ́ tolórí-tẹlẹ́mù ní Kétu, lẹ́yìn ọmọ mẹ́rin, ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ó ń lọ geere títí ó fi kan sẹ̀mẹ́sítà ìkẹyìn. Wọ́n ní kó lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé kan ní Alápẹ̀rẹ̀, kí àwọn olùkọ́ rẹ̀ máa wá wò ó. Wọ́n ní kó kọ prójẹ́ẹ̀tì. Kọ́ọ̀sì kan tó ti féèlì tẹ́lẹ̀ náà ń dúró dè é. Nílé ńkọ́? Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àsàlátù, òun ló ń kọ́ ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́, òun ló ń dáná, òun ló ń fọṣọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a lórí àpótí nínú kíṣìnì. Omi ń hó dànù lórí iná, kò rí i.

"Bàbá Tàófíkì, mo fẹ́ fi kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí sílẹ̀. Tí mo bá fi í sílẹ̀, mi ò ní padà mọ́, mo mọra mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè rù ú mọ́."

Bó ṣe jókòó yẹn, bí ìyá àgbà ṣe máa ń jókòó ti igi rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Mo ní, "Èwo ló jẹ́ pé ìwọ nìkan ló lè ṣe é?"

Ó ní, "Èyí tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kí n ṣe."

"Ìyẹn nìkan ni kóo rù. Àsàlátù á wá akọ̀wé mìíì. Lẹ́sìn á dúró. Kíṣìnì ti di tèmi."

Ẹ̀rín pa á. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ibi tí iyọ̀ wà?"

Ọjọ́ kejì, mo gbé ata lọ sọ́dọ̀ Ìyá Kúdí tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Bàbá káfíńtà, ṣé ìyàwó ti lọ ìlú òyìnbó ni?"

"Ìwé ló ń kà. Lọ̀ ọ́ kó kúnná."

Iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ mi àkọ́kọ́ débi pé àwọn ọmọ ń mumi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n.

Àfi bí Àǹtí Múlíkà, ẹ̀gbọ́n mi, ṣe ká mi mọ́ ìdí ẹ̀bà. Ló bá káwọ́ lérí. "Yéè! Wọ́n ti fi oògùn fún àbúrò mi jẹ!"

Mo ní, "Àǹtí mi, èmi ni mò ń dáná. Ìgbà wo ni ìyàwó mi fẹ́ ráyè fún mi jẹ?"

Ó pòṣé, kò fẹnu kan ẹ̀bà mi. Ó lọ kó ẹbí jọ, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí Ìkòsì. Wọ́n ní mò ń dójú ti ìdílé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dìde. Mo ní, "Tí ẹ bá ní ẹni tó máa wá bá wa fọ abọ́, ẹ rán an wá. Tí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí n máa lọ, ẹ̀wà wà lórí iná." Ẹnikẹ́ni ò rán ẹnikẹ́ni.

Sìdíkà yege. Kò gba ipò kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n ó yege. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ẹrù kankan lórí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ̀ ọ́." Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo sọ̀ ọ́.

Ayé ti yàtọ̀. Ibi tí a ti ń ṣẹ́gi ti di ilé alágéètì. Ní Mile 12, bárò ló ń gbé ẹrù. Àwọn ọmọkùnrin mi ń dáná fún ìyàwó wọn, kò sẹ́ni tó ní wọ́n fún wọn jẹ. Ìyẹn dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin èwe, ẹ̀ ń dá gbé e jù, ojú ń tì yín láti jókòó lẹ́bàá ọ̀nà kí ẹ ní, "Ẹ gbà mí."

Sìdíkà kú ní òjò tó kọjá. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ẹnu sàréè, mo bọ́ bàtà. Àǹtí Múlíkà fi ọ̀pá rẹ̀ dènà mi. "Fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Orúnkún rẹ ò gbé e."

Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ yà fún mi."

Mo wọ inú sàréè lọ. Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo sọ̀ ọ́.