Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣáájú Mi Ní Venice

Mo rántí ìgbà tí fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ògiri pálọ̀ ìyá wa ní Ìkirè tán. Nínú ọ̀kan, ó wọ búbá aláwọ̀ ewé, ó dúró lórí afárá olókùúta kan, omi ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Nínú òmíràn, ó wọ kóòtù pupa, àwọn ẹyẹlé sì yí i ká bí adìẹ ṣe ń yí ẹni tó gbé àgbàdo dání ká. Èyí tó tóbi jù, tí ìyá wa fi sínú férémù onígíláàsì, ni èyí tó yà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Venice, ní ilẹ̀ Ítálì, tí wọ́n fi wúrà ya àwòrán àwọn ẹni mímọ́ sí òkè ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àlejò kan kò lè wọlé kí ìyá wa má nàka sí i. "Àkọ́bí mi nìyẹn. Ibẹ̀ ló ń gbé." Bó ṣe máa ń sọ ọ́, ẹ ó rò pé inú ṣọ́ọ̀ṣì náà gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi ń sùn.

Nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, èmi náà ti kúrò nílé. Atlanta ni mo wà, mò ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan ní Tucker. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sí Ítálì kí n tó parí ilé ẹ̀kọ́ girama, a kò sì fojú kan ara wa mọ́ láti ìgbà náà. Kí ó tó lọ, òun ló tọ́ mi ju bí ìyá wa ti tọ́ mi lọ, nítorí ìyá wa kì í gbélé, òwò ló ń bá kiri. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń di irun mi, òun ló ń mú mi lọ sí iléèwé láràárọ̀, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, tí mo di etí ìró rẹ̀ mú. Nígbà tí ìwé ìgbélùú mi wá pé tí mo lè lọ kí wọn nílé fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú kan tó gba Ítálì kọjá, tó sì fún mi ní odindi ọjọ́ kan níbẹ̀. Mo sọ fún ìyá wa lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ jọ ya fọ́tò kan fún mi, ẹ̀yin méjèèjì, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Kí n rí àwọn ọmọ mi méjèèjì lójú kan náà kí ojú mi yìí tó kọṣẹ́ pátápátá." Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà. Mo ṣèlérí fún un, mo tiẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ló le níbẹ̀? Ṣebí ẹni tó ń gbé ìlú náà ni yóò mú mi lọ.

Ibùdókọ̀ ojú irin la ti pàdé. Bí mo ṣe rí i, mo kúnlẹ̀ gbì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, obìnrin òyìnbó kan sì sáré wá gbé mi dìde, ó rò pé mo ṣubú ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti kéré sí i lójú mi, tàbí kó jẹ́ pé èmi ni mo tóbi. Ó gbá mi mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń tún kọ́là aṣọ mi ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

"Wo bí o ṣe rù! Wọn ò fún ẹ lóúnjẹ ní Atlanta ni?"

Èmi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ṣòkòtò onírọ́bà nígbà náà! Ṣùgbọ́n inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti wò mí láti òkè délẹ̀ pẹ̀lú irú ojú bẹ́ẹ̀.

Bí èèyàn bá jáde ní ibùdókọ̀ yẹn, omi ni yóò kọ́kọ́ rí. Ìlú náà kò ní mọ́tò. Inú omi ni àwọn ilé dúró sí, ọ̀dà ara ògiri wọn ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, ó sì rẹwà síbẹ̀. Mo rí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà sí lára, àwọn èèyàn ń wọ̀ ọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èyí ń lọ síbẹ̀ tààrà o."

"Èmi? Kí n gun nǹkan tó ń mì? Jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn, a ó débẹ̀ kíá. Àbí o rò pé mi ò mọ ọ̀nà ni?"

Ó fi báàgì há abíyá, ó sì bọ́ síwájú. Mo tẹ̀ lé e.

Bá a ṣe ń lọ, ó ń ṣàlàyé. Afárá yìí, ọba kan ló kọ́ ọ fún ìyàwó rẹ̀. Ilé yìí, ààfin ni. Mo ya ẹnu sílẹ̀, mo ń wo fèrèsé ààfin náà, àfi bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí tí àwọn ọmọ iléèwé tú jáde pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, tí wọ́n ń pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Wọ́n ti sọ ọ́ di iléèwé báyìí." Kò rẹ́rìn-ín, èmi náà kò sì gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó bu ṣinṣin láti inú ọ̀rá fún mi, òun fúnra rẹ̀ ló dín in, a ń jẹ ẹ́ lọ, a gun afárá, a sọ̀ kalẹ̀, a gba ọ̀nà tóóró kan tí èèyàn méjì kò lè rìn pọ̀, a bọ́ sí gbàgede kékeré kan tí kànga olókùúta kan wà láàárín rẹ̀, tí wọ́n fi irin dé lórí. Ológbò funfun kan sùn sórí irin náà.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, a tún bọ́ sí gbàgede kan tó ní kànga. Ológbò funfun wà lórí èyí náà.

Ọ̀rọ̀ náà yé mi nígbà náà. Fóònù mi wà nínú báàgì mi, ó sì mọ gbogbo ọ̀nà ayé, ṣùgbọ́n n kò yọ ọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Àbúrò kì í gba iwájú mọ́ ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Bí mo bá yọ fóònù, ohun tí mo ń sọ fún un ni pé, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò mọ ibi tí ẹ ń mú mi lọ, lẹ́yìn gbogbo ọdún tó ti mú mi lọ sí ibi gbogbo tí kò ṣi mí lọ́nà rí. Mo rí pátákó aláwọ̀ òfeefèé lára ògiri tó tọ́ka ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ọfà rẹ̀ méjì ni, ọ̀kan kọjú sọ́tùn-ún, ọ̀kan kọjú sósì. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó pòṣé, ó ní àwọn èèyàn yìí kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó dá bàbá arúgbó kan dúró, ó bi í. Bàbá náà sọ̀rọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ó ń ju ọwọ́, ẹ̀gbọ́n mi ń mi orí. Abéèrè kì í ṣìnà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún wa bó ṣe ń rí fún ẹni tó béèrè tí kò gbọ́ èsì. Èdè Ítálì tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ kò ju èyí tí wọ́n ń sọ nínú ilé ìyá arúgbó kan tí òun náà ń tọ́jú: ẹ dìde, ẹ jókòó, ẹ lo oògùn yín, ọbẹ̀ ti tutù. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà dáadáa, ó sì yà sí ọ̀nà tí bàbá náà kò nàka sí.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sì gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin padà kí wọ́n tó jẹun alẹ́, nítorí ọmọ arúgbó náà ló bá a dúró ti ìyá rẹ̀ títí ìgbà yẹn, kò sì ní dúró kọjá bẹ́ẹ̀. Mo ń tẹ̀ lé e, mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, mo ń ronú nípa ìyá wa tó ń dúró de fọ́tò. Síbẹ̀, bí mo bá máa sọ òótọ́, apá kan nínú mi kò fẹ́ ká débẹ̀ rárá.

Nígbà tí a tún rí ológbò yẹn, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kànga náà, ó sì bọ́ bàtà.

"Mi ò mọ ibẹ̀," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wá síbí rí. Ọdún tí mo dé. Ọmọ Gánà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló mú mi wá. Mo kó gbogbo aṣọ tí mo ní sínú báàgì, mò ń pààrọ̀ wọn nínú ṣáláńgá. Ọjọ́ kan yẹn ni gbogbo fọ́tò tí Màmá ní. Mo kàn ń fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ni, ọdún dé, ọdún lọ. Ṣé ẹ ò rí i pé mi ò dàgbà nínú wọn ni?"

Mo ní, "A rò pé Ítálì bá yín lára mu ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Ó ní inú ilé arúgbó náà ni òun wà láti ọdún wọ̀nyí, ní ìlú kékeré kan tí kò sí wúrà lára ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni òun ń jáde. Ó ní òun rò pé ẹsẹ̀ òun yóò rántí ọ̀nà.

"Mo ti mọ̀ láti ìgbà tí a rí ológbò yìí lẹ́ẹ̀kejì," ni mo wí.

"O mọ̀? Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀? Pẹ̀lú fóònù Amẹ́ríkà nínú báàgì ẹ!"

"Ẹ̀yin lẹ ń ṣáájú."

Ó wò mí títí. Ìfẹ́ rẹ̀ kún inú mi débi pé n kò lè gbé ojú sókè. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Nígbà yẹn ni mo yọ fóònù. Ṣọ́ọ̀ṣì jìnnà, ọ̀nà rẹ̀ ọ̀tọ̀, ọ̀nà ibùdókọ̀ náà ọ̀tọ̀. Bí a bá lọ sí ọ̀kan, a kò ní bá èkejì.

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni Màmá ń retí," ó wí, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé.

Mo ní ká ya fọ́tò náà síbí. Ní fèrèsé kan lókè, obìnrin kan ń sá aṣọ sórí okùn tó gba òkè ọ̀nà kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi pè é, "Signora!" Ó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó nu ọwọ́ rẹ̀ tó tutù, ó sì fi fóònù mi ya wá. Lẹ́yìn wa ni aṣọ ibùsùn wà, àti ṣòkòtò pénpé ọkùnrin kan, àti garawa, àti ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé tí wọ́n tì. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó fi orí lé èjìká mi. A sáré dé ibùdókọ̀. Ó fi ọ̀rá ṣinṣin tó kù sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa jẹun o, ọkọ̀ sì gbé e lọ.

Mo tẹ fọ́tò náà sórí ìwé ní Ìbàdàn kí n tó wọ Ìkirè. Ìyá wa gbé e súnmọ́ ojú, ó fi ìka tọ ojú wa, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. N kò tíì mọ irọ́ tí mo máa pa nípa ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ta ló ni ṣòkòtò yìí?" ó wí. Kí n tó dáhùn, ó ní, "Ó ń rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo fọ́tò rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín rí."

Ti ṣọ́ọ̀ṣì wà ní pálọ̀ fún àlejò. Èyí, ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ló gbé e sí.

Ó ti pẹ́ báyìí. Arúgbó tí ẹ̀gbọ́n mi ń tọ́jú ti kú, ìwé òun náà pé, ó sì ní Ítálì ti tó. Àjò kò lè dùn kí onílé má relé. Òun ló wà pẹ̀lú ìyá wa ní Ìkirè, àwọn méjèèjì ló sì ń pè mí lọ́jọ́ Ìsinmi, orí wọn méjèèjì nínú fóònù kan, wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu. Fọ́tò tèmi nìkan ló kù lára ògiri pálọ̀ báyìí. Mo wà níbẹ̀ níwájú àwọn ilé gíga Atlanta, mo tún wà níbẹ̀ níwájú kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn yípo lókè. Ọjọ́ kan náà ni mo ya gbogbo wọn, lọ́dún tí mo dé. Suwanee lẹ́yìn Atlanta ni mo ń gbé, Tucker ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì wa wà láàárín méjèèjì. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níwájú kẹ̀kẹ́?

Láìpẹ́ yìí, ìyá wa ní òun fẹ́ fọ́tò èmi àti ọmọ mi obìnrin níbi tó dára. Ọmọ náà, Atlanta níbí ni mo bí i sí, ọmọdé ni nígbà tí mo lọ sí Venice, ó wá lo ìsinmi yunifásítì nílé. A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí àárín ìlú, ká lè ya á níbi kẹ̀kẹ́ ńlá yẹn, mo bọ́ sílẹ̀, mo fi báàgì há abíyá, mo sì bọ́ síwájú. A kò tíì rìn jìnnà.

"Mummy, we're going the wrong way." Ó ti yọ fóònù. "Ẹ wò ó, it's right behind us."

Lóòótọ́ ni. Ẹ̀yìn wa ló wà. A débẹ̀, a ya fọ́tò, ó dára, a sì tètè délé. N kò bá ọmọ náà wí. Kò ṣe ohun tó burú.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi pè, ó ní Màmá ti rí i, inú rẹ̀ dùn. Ó wá bi mí, "Ṣé ẹ tètè rí ibẹ̀?"

"Kíá la rí i, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó mà ṣe o," ó wí.

A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín tán, mò ń gbọ́ èémí rẹ̀ láti Ìkirè, òun náà ń gbọ́ tèmi, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ pa fóònù nínú wa.