Páálí Tó Yan Orí Tírélà fún Bàbá Mi

Òórùn dísẹ́ẹ̀lì ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá kan ṣoṣo tí a ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ ni bàbá mi máa ń fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ sí, òórùn náà á sì dàpọ̀ mọ́ ti ọṣẹ ìfọṣọ àti ti omi gọ́tà tó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń sọ pé mò ń rùn bí ilé epo. Kò dùn mí rárá. Lójú tèmi, òórùn ọlọ́lá ni, nítorí pé gbogbo ẹni tí mo mọ̀ tó ń rùn bẹ́ẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ tó ga ju ilé wa lọ.

Bàbá mi kò ní ọkọ̀ tirẹ̀ o. Láti ìgbà tó ti kúrò ní Ìsẹ́yìn wá sí Èkó ló ti ń wa tírélà onítírélà, tó ń kó àpò ìyẹ̀fun jáde ní Àpápá lọ sí òkè. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá bú u lọ́jọ́ kan, á wọlé, á bọ́ bàtà, á ní, "Ó ń bọ̀ o. Tèmi ń bọ̀." Màmá mi, tó ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà wa, á dá a lóhùn láì gbójú sókè lára ẹ̀rọ rẹ̀ pé, "Láti ìgbà tí mo ti lóyún Rísí ló ti ń bọ̀. Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ni?" Èmi ni Rísí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí ọkọ̀ náà wá dé lóòótọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990.

Ìdajì rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lágbègbè Àpápá mọ̀ pé nǹkan méjì ni tírélà: orí, níbi tí ẹ́ńjìnnì àti ìjókòó awakọ̀ wà, àti ẹ̀yìn, pẹpẹ gígùn tí wọ́n ń kó ẹrù lé. Ẹ̀yìn ni bàbá mi kọ́kọ́ rà. Ọkùnrin kan ní Ìjọra fẹ́ ta èyí tó ti fi ń gbé ẹ̀rọ iléeṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ó lágbára, kò sì wọ́n. Ó fi orí tirẹ̀ wọ́ ọ wá sí ilẹ̀ gbalasa tó wà níwájú ilé wa, ó tú u sílẹ̀, ó sì lọ. Oṣù méjì gbáko ni nǹkan náà fi dúró síbẹ̀ láìlórí. Àwa ọmọdé sọ ọ́ di ilé ìwé, àwọn obìnrin ń sá aṣọ sí i, àwọn bàbá sì ń ta ayò lábẹ́ rẹ̀ bí oòrùn bá mú.

Kí ọkùnrin ará Ìjọra yẹn tó lọ, ó pe bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Bọ̀dá, kíńpíìnì èyí, irú tó nípọn ni o. Kì í ṣe gbogbo orí ló lè gbé e mì." Kíńpíìnì ni irin kúkúrú tó yọ sísàlẹ̀ lábẹ́ iwájú ẹ̀yìn tírélà. Òun ló ń wọ ẹnu àwo irin ńlá tó wà lẹ́yìn orí, tí méjèèjì á fi so kọ́ra. Bàbá mi kò mọ̀ pé ó ní oríṣi méjì. Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo tírélà ọ̀gá rẹ̀, kò sì sí ìdí tó fi ní láti ronú nípa rẹ̀ rí.

Ìyẹn bà á lójú jẹ́ díẹ̀, torí ẹni tó gbọ́n nípa ọkọ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Bí awakọ̀ kankan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ ra orí tírélà tókùnbọ̀, bàbá mi ni wọ́n máa ń bẹ̀ pé kó bá àwọn lọ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Alàájì ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò tíì dé Mẹ́kà. Nǹkan tó fi ń yangàn láyé kò ju ìyẹn lọ. Kò lówó, kò níwèé, àmọ́ bó bá ti ní ọkọ̀ kan kò dára, kò sẹ́ni tó máa rà á mọ́.

Màmá mi ló wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ kíńpíìnì. Ó wọ abẹ́ tírélà lọ bí ẹni tó fẹ́ wọn ìbàdí oníbàárà, ó gbé páálí mílíìkì ti ìdí irin náà, ó fi ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ yí i po, ó sì gé e ní róbótó. Ó ní, "Bí mo ṣe ń gé bátánì aṣọ nìyẹn. Orí tí èyí bá wọ ẹnu ẹ̀, ẹ rà á. Èyí tí kò bá wọ̀, kò kàn wá." Èmi ni ó fún ní páálí náà. Ẹsẹ̀ mi fúyẹ́, mo sì lè gun ẹ̀yìn orí tírélà láì bẹ ẹnikẹ́ni.

Àárọ̀ Sátidé la lọ sí ọgbà tí wọ́n ti ń tà wọ́n lọ́nà Kìríkìrì, bàbá mi, èmi, àti Bàbá Kàmórù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń wakọ̀. Oòrùn kò tíì yọ, nítorí bàbá mi kórìíra kí wọ́n ti tanná sí ẹ́ńjìnnì kó tó dé. Ó ní irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ti gba ìwòsàn kí dókítà tó dé. Á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bí ìgbà tí ìyá ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. Bó bá tutù, á ní kí wọ́n ṣáná sí i, á sì lọ dúró sídìí páìpù èéfín. Bí èéfín dúdú bá yọ, á ní, "Èyí ń jẹun jù." Bó bá jẹ́ aró, á ní, "Ọ́ìlì ló ń mu." Bí funfun bá yọ tí kò sì dáwọ́ dúró, kò ní sọ nǹkan kan, á kàn máa lọ sídìí òmíràn. Lẹ́yìn náà, á ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e, á di ojú, á máa gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ọ̀gá Émẹ́kà tó ni ọgbà náà wò ó títí, ó ní, "Alhaji, you wan marry am?"

Bàbá mi ní, "E go stay with me tey." Ó sì tún ojú rẹ̀ dì.

Nínú bíi mọ́kànlá, méjì péré ló kù. Èkíní rí bí ohun tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀. Ó ti dípẹtà, okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀ kan, ìjókòó rẹ̀ sì ń gún èèyàn nídìí. Èkejì jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ó ní kọ́tìnì olódòdó lójú fèrèsé, àti lẹ́yìn ìjókòó rẹ̀, ẹ gbọ́ o, bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì gidi, tó ní tìmùtìmù. Mo dùbúlẹ̀ lé e, ilé wa sì kúrò lọ́kàn mi pátápátá. Bàbá mi ti ṣèlérí pé ọkọ̀ tòun ni òun máa fi gbé mi lọ sí Ìsẹ́yìn fún Iléyá, mo sì ti ròyìn fún gbogbo kíláàsì mi pé orí bẹ́ẹ̀dì ni màá wà. N kò tíì rí bẹ́ẹ̀dì kankan nígbà tí mo sọ ọ́ o.

Bàbá mi bọ́ sílẹ̀ nídìí èkejì, ó fi àkísà nuwọ́. Ó ní, "Ẹ́ńjìnnì méjèèjì dáa, ọkàn mi balẹ̀ sí wọn. Páálí ló máa dá ẹjọ́ yìí. Rísí, ó yá."

Mo gun ẹ̀yìn èyí tó dípẹtà. Páálí màmá mi wọ ẹnu àwo irin rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ju òkèlè sẹ́nu. Mo gun ẹ̀yìn aláwọ̀ ewé. Kò wọlé. Mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, ẹnu yẹn há, kò gbà á. Ibi tí mo lóṣòó sí, mo ń rí kọ́tìnì náà láti ojú fèrèsé ẹ̀yìn. N kò ronú púpọ̀. Mo ká etí páálí náà lápá ọ̀tún, mo ká a lápá òsì, mo sì tì í wọlé.

Bàbá mi pariwo láti ìsàlẹ̀, "Ó wọlé?"

Mo ní, "Ó wọlé, Bàámi."

Bàbá Kàmórù ní, "Alàájì, ẹ gòkè kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i." Bàbá mi wo gíríìsì tó bo ibẹ̀ bámúbámú, ó wo jàlàbíà funfun tó wọ̀ nítorí pé ibi ìsọmọlórúkọ la ń gbà lọ láti ibẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Rísí kì í parọ́ fún mi." Ojú tì mí nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò tì mí tó bẹ́ẹ̀ kí n yanu.

Ọjọ́ kejì, lọ́jọ́ Àìkú, ó wa aláwọ̀ ewé náà wọ àdúgbò wa. Gbogbo ẹgbẹ́ awakọ̀ ti pé, àwọn ará ilé gbé àga síta, wọ́n kó aṣọ kúrò lórí ẹ̀yìn tírélà, wọ́n lé àwọn ọlọ́pọ́n ayò dìde lábẹ́ rẹ̀. Ẹrù àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀, ìyẹ̀fun tó ń lọ sí Ìlọrin, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní kó wá kó o. Bàbá mi ṣe bísímílà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Irin kọ lu irin. Kò so. Ó sún síwájú, ó tún padà. Gbàgà! Kò so. Lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá kan tẹrí bọ abẹ́ rẹ̀, ó dìde, ó ní, "This mouth small o. E no fit enter." Àwọn ọmọdé gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọ ọ́ lórin pé, "Kò wọlé, kò wọlé." Àwọn ọ̀rẹ́ mi ni o. Tó bá jẹ́ pé bàbá ẹlòmíì ni, èmi náà ni ǹ bá máa lé orin.

Màmá mi na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n mú páálí wá. Mo ti fi itan mi tẹ̀ ẹ́ títí tó fi tẹ́jú, ṣùgbọ́n ta ló lè fi ibi tí nǹkan ti ká pamọ́ fún aránṣọ? Ó fi èékánná tọ ojú ìlà náà lápá ọ̀tún, ó tọ ọ́ lápá òsì. Ó gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Rísí, ta ló ká..."

Bàbá mi ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó, ó wò mí. Ó ká a sí mẹ́rin, ó kì í bọ àpò. Ó wá kọjú sí àwọn èèyàn, ó ní, "Èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Mo gòkè, mo wò ó dáadáa, ojú ló tàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dá yín dúró sínú oòrùn."

Bàbá Kàmórù mọ̀ pé kò gòkè. Ó la ẹnu, bàbá mi wò ó, ó pa á dé. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, tí gbogbo wọn sì tẹ̀lé e. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, bàbá mi ti di Alàájì Kò-Wọlé.

Nínú yàrá, ó yọ páálí náà fún mi. Ó ní, "Ká a, kí n rí bó ṣe wọlé." Mo ká a. Ó ní, "Nítorí kí ni?" Mo ní, "Nítorí bẹ́ẹ̀dì ni, Bàámi." Ó wá béèrè pé, "Ṣé ó rọ̀?" Mo ní ó rọ̀. Ó kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì, mo sì rò pé ẹkún ló ń sun, àfi ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìgbà tó yíjú padà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ká ní irin yẹn wọlé díẹ̀, tó wá já lójú ọ̀nà ńkọ́? Ìyá ta ni ì bá máa sunkún lónìí?" Kò fọwọ́ kàn mí. Màmá mi ló nà mí, ó sì nà mí dáadáa, ṣùgbọ́n òun náà kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn wẹ́dà lò kí wọ́n tó yọ àwo irin yẹn, kí wọ́n sì fi èyí tó gbà á sí i. Bàbá Kàmórù ló kó ìyẹ̀fun Ìlọrin. Fún ọdún bíi méjì, kò sí awakọ̀ tó tún wá bẹ bàbá mi pé kó bá òun lọ wo ọkọ̀. Mo máa ń rí i bó bá gbọ́ pé ẹnì kan ti lọ ra ọkọ̀ láìpè é, á kàn máa fi àkísà nu ọkọ̀ tirẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju ẹgba màmá mi lọ. Nígbà Iléyá, ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ó gbé mi sórí bẹ́ẹ̀dì. Láti Ìbàfò ni mo ti ń bì, n kò sì ṣíwọ́ títí tí a fi wọ Ìsẹ́yìn.

Bàbá mi ṣì wà láyé. Àwọn arúgbó ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń pè é ní Kò-Wọlé, ó sì ń jẹ́ wọn. Ọmọ ogójì ọdún ni lọ́jọ́ tó kì páálí bọ àpò. Èmi ti fi ọdún márùn-ún ju iye yẹn lọ báyìí.

Lóṣù tó kọjá, mo ní kí Màríámù ọmọ mi lọ sọ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù wa pé ìpàdé tó yẹ kó wáyé nílé mi ti yẹ̀. Ó gbàgbé, ó lọ ṣeré. Ìgbà tí mo ti ọjà dé, mo bá gbogbo wọn lójú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà mi, ilẹ̀kùn wà ní títì. N kò tíì gbé igbá kalẹ̀ tí mo fi fa ọmọ náà síwájú. Mo ní, "Ẹ wò ó, òun nìyí. Òun ni mo rán." Ó kúnlẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tọrọ àforíjì, n kò sì dá a dúró. Obìnrin mẹ́rìnlá ni wọ́n. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn mi, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí ì bá fún mi lórúkọ ká ní mo sọ pé èmi ni mo gbàgbé.