Àga Tí Màmá Yá De Àlejò

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé àpọ́nlé àlejò kì í pa ni lára. Ó kù díẹ̀ kó pa tèmi.

Màmá mi ń lọ aṣọ fún aráàdúgbò. Tábìlì kan ṣoṣo ló ní, tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bò. Orí rẹ̀ ló ti ń lọ aṣọ, orí rẹ̀ la ti ń jẹun, orí rẹ̀ náà ni mo ti kàwé tí mo fi wọ yunifásítì ìjọba. Tí mi ò bá wá rí owó ìrànwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà, ẹlòmíì ni wọ́n máa fún láyè mi.

Ojú mi rí nǹkan lórí fọ́ọ̀mù owó náà! Ní ọ́fíìsì wọn, àwọn tó wà ní wíńdò kìíní ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn, kí n lọ sí ìkejì. Ìkejì ní ẹni tó ń fọwọ́ sí i ti lọ jẹun. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi jẹun ọ̀hún. Nígbà tí wọ́n gbà á tán, wọ́n ní òṣìṣẹ́ àwọn á wá wo ilé wa, kó fojú ara rẹ̀ rí i pé a ò ní lóòótọ́.

Àṣìṣe tèmi ni pé mo kàn sọ fún Màmá pé, "Àlejò kan ń bọ̀ láti yunifásítì," mo sì sáré lọ ṣe fọ́tòkọ́pì.

Kí n tó dé, yéè! Àga pupa onítìmùtìmù wà láàárín yàrá wa, fáànù ń fẹ́. Ọkùnrin onígíláàsì ojú kan rì sínú àga náà, ó ń mu ẹlẹ́rìndòdò tútù, ó sì ń kọ̀wé. Mo mọ àga yẹn! Òun ni onígbàjámọ̀ tó wà níwájú ilé wa fi ń gẹ irun fáwọn oníbàárà ẹ̀. Fáànù sì rèé, ti Tíṣà tó ń gbé òkè ni.

"Ilé yín tura o, Màmá," ni ọkùnrin náà wí.

"Ọlọ́run ló ń ṣe é," ni Màmá fèsì, ẹ̀rín kún ẹnu ẹ̀.

Ara mi gbóná. Ṣùgbọ́n báwo lọmọ ṣe fẹ́ dójú ti ìyá ẹ̀ níwájú àlejò? Mo fa Màmá lọ sẹ́yìn kọ́tìnì, níbi tó ti tábìlì wa sí.

"Màmá, kí lẹ ṣe yìí?"

"Ṣé orí ìkòkò ni kó wá jókòó sí?"

"Ó wá wò ó bóyá a ò ní lóòótọ́ ni! Tó bá kọ ohun tó rí yìí, ilé-ìwé mi ti lọ nìyẹn." Ni mo bá bú sẹ́kún.

Ìgbà náà la gbọ́ "Àgò o!" lẹ́nu ọ̀nà. Onígbàjámọ̀ ni, pẹ̀lú oníbàárà kan tó ti gẹ irun apá kan orí ẹ̀, tí ìdúró sì ti sú. Onígbàjámọ̀ rí àlejò, ó wo àga, ó gbé irọ́ kalẹ̀: "Ẹ kú ìjókòó, sà. Mo ní kí n kàn kí Màmá ni. Màmá, àga yín yìí mà dára o!"

Màmá nu ojú mi, ó jáde sí wọn.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Mo yá àga yìí nítorí yín ni. Mo yá fáànù náà. Wọ́n ní bójú bá ń ṣepin, ojú là á fi í hàn." Ó yíjú sí onígbàjámọ̀. "Gbé àga ẹ lọ, jàre. O ṣeun, irọ́ ẹ dùn."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí gíláàsì ẹ̀ fi bọ́. Ó fa kọ́tìnì, ó jókòó sórí tábìlì wa, ó fa igi lé ohun tó ti kọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

"Ẹ ṣáà kọ ọ́ sí i," Màmá wí, "pé ẹlẹ́rìndòdò yẹn, tiwa ni."

Lóṣù kejì, orúkọ mi jáde lára àwọn tó máa gba owó náà. Inú mi dùn débi pé mi ò lè sùn. Nígbà tí mo lọ fọwọ́ síwèé ní ọ́fíìsì wọn, ọkùnrin onígíláàsì yẹn ló dìde, ó fa àga fún mi.

"Jókòó dáadáa, ọmọ Màmá," ó wí. "Èyí, kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá gbé e."