Ọjọ́ Tí Mo Kọ Ẹ̀yìn sí Ìmọ́lẹ̀

Òórùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó pọ́n jù ni mo fi ń rántí ọdún náà. Ní Fìdítì wa, tí àsìkò rẹ̀ bá dé, ẹ̀bá títì a kún, àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ a dúró ná an, ọwọ́ ẹnì kan ò sì lè ká a. Mo wá pinnu pé àkọ́bí mi obìnrin, tó ku ọdún méjì kó jáde girama, ti kàwé tó, kó wá máa bá mi tà á. Èmi tí mo dúró ní ìwé mẹ́ta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣé ebi pa mí kú ni? Ẹnu mi mú nígbà yẹn ju ọ̀bẹ tí mo fi ń bẹ ọjà mi lọ, mo sì ń pe ìyẹn ní ọgbọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo lọ mú un nílé ẹ̀kọ́. Mo bá kíláàsì nínú òkùnkùn. Wọ́n ti fi àpò sìmẹ́ǹtì dí gbogbo fèrèsé. Tíṣà wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tan tọ́ọ̀ṣì pupa tíńtín, ó fi wáyà tó tín-ín-rín bí irun sáàárín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Òjìji wáyà kan ṣoṣo ni mo retí lára ògiri. Ìlà pupa àti dúdú ni mo rí, wọ́n tò bí aṣọ òfì. Ọmọ mi ló ṣàlàyé fún mi pé ìmọ́lẹ̀ gba ọ̀tún àti òsì wáyà kọjá, wọ́n wá pàdé níwájú. Níbì kan wọ́n kún ara wọn, níbòmíràn wọ́n pa ara wọn. Ó fi ike dúdú méjì tí wọ́n yọ lójú ẹ̀rọ ìṣirò tó ti bàjẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wáyà, ọ̀kan lóròó, ọ̀kan níbùú, kí ìmọ́lẹ̀ tó gba ọ̀tún lè ní àmì tirẹ̀, kí ti òsì náà ní tirẹ̀. Ìlà parẹ́.

"Ojú ló ń ti ìmọ́lẹ̀ yìí," ni mo wí. "Ẹ ti tẹjú mọ́ ọn jù. Gbogbo yín, ẹ kẹ̀yìn sí i."

Bẹ́ẹ̀ ni mo to ọmọ ọlọ́mọ, àti tíṣà wọn, tí gbogbo wa kẹ̀yìn sí ògiri bí ẹni tó ń dúró de ìyàwó tó ń wẹ̀. A yíjú padà wéré, kò sí ìlà kankan.

Ẹ̀rín ń pa tíṣà. "Màmá, kì í ṣe ojú wa. Àmì yẹn ni. Bí a wò ó, bí a ò wò ó, ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀nà tó gbà ti lè mọ̀ ọ́n."

Ọmọ mi wá gbé ike kẹta dágẹ̀ẹ́rẹ́ síwájú méjèèjì. Àmì bá dàrú mọ́ra, ẹnikẹ́ni ò lè mọ ọ̀nà mọ́, ìlà sì padà. Ó ní àwọn òyìnbó tiẹ̀ ń ju ìmọ́lẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀wà, tí wọ́n bá sì kó gbogbo ibi tó bà sí jọ, ìlà kan náà ló máa ń yọ.

"Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, kí ló wá ń gba ọ̀nà méjì?" ni mo bi wọ́n.

Ọmọ mi ló fọhùn. "Màámi, ohun tí mo fẹ́ lọ bi wọ́n ní yunifásítì nìyẹn."

Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Mo ní kó jókòó síbi ẹ̀kọ́ rẹ̀, mo dá nìkan lọ sílé. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó jẹrà lọ́wọ́ mi lọ́dún yẹn, àwọn eṣinṣin ni mo sì ń bú.

Ìlọrà nítòsí wa níbí ni ọmọ mi náà ti ń ṣe tíṣà báyìí. Mo bi í lẹ́nu àìpẹ́ yìí bóyá wọ́n dá a lóhùn ìbéèrè ọjọ́ náà ní yunifásítì. Ó ní àwọn tó mọ̀wé jù ṣì ń jiyàn lé e lórí. Mo rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó, mo ń rò ó pé díẹ̀ ló kù kí n mú un wá sẹ́bàá títì lọ́jọ́ náà, inú mi ì bá sì dùn, nítorí mi ò ní mọ ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láéláé.