Ibi tí "forthwith" ti wá

Òórùn ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹ̀rọ, tó ṣì ń gbóná lọ́wọ́, ló máa ń rán mi létí ìgbà tí mò ń ta ilẹ̀ ìdílé wa ní Mowe. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, mi ò sì fi bò. Síbẹ̀, àwọn tó kàwé yanjú ló ń wá bẹ̀ mí, torí kò sí ààlà ilẹ̀ láti Mowe dé Ọ̀fàdà tí mi ò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan wà tí mo fẹ́ràn, "forthwith". Inú ìwé ilẹ̀ olówó kan ni mo ti rí i, ó sì dùn lẹ́nu mi. Ìwé tí kò bá ti ní in nínú, mi ò ní fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ tí mo ta èyí tó wà lẹ́yìn ilé wa, akọ̀wé tó ń bá mi tẹ̀wé ní Ibafo wò mí lójú.

"Bọ̀dá, ẹ ní kí ìdílé kúrò lórí ilẹ̀ forthwith. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń sọ? Ẹ̀gẹ́ màmá yín ńkọ́?"

"Èmi lò ń bi? Ọ̀rọ̀ àwọn ọba òyìnbó ni. Tẹ̀ ẹ́, jàre."

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Èmi ò béèrè.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí ilẹ̀ bá tiẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹni tó gbin nǹkan sí i kórè tán. A kì í kọ ìyẹn sínú ìwé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, katapílà ti wọ oko, ó ń hú ẹ̀gẹ́ tí ò tíì ta dáadáa. Ìyá mi dúró lẹ́bàá oko, ó káwọ́ lérí. Mo sáré bá ẹni tó ra ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ katapílà, ó ṣí ìwé sí mi lójú.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé lójú ẹsẹ̀."

Ìyá mi yíjú sí mi. "Ọmọ mi, o mọ̀?"

Àwọn èèyàn ti pé lé wa lórí. Mo gbé àyà sókè, mo ní, "Mo mọ̀. Kí ni mi ò mọ̀?"

Lọ́sẹ̀ yẹn ló kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ifo, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì là á yé mi pé ọ̀rọ̀ méjì, "forth" àti "with", ni wọ́n so pọ̀ láyé àtijọ́. Ó ní ohun tí wọ́n ń fi í sọ nígbà náà ni kí nǹkan máa bá nǹkan mìíràn lọ pọ̀, kó tó wá di lójú ẹsẹ̀. Ó ní àwọn òyìnbó gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Àwọn tó ni ín ti pa á tì. Èmi ni mo lọ ṣà á.

Mo ṣì ń lọ kí ìyá mi ní Ifo. Á gbé omi fún mi, á ní kí n kú ọ̀nà, bí ẹni ń kí àlejò. Títí dòní, ohun tó gbà ni pé mo mọ̀ọ́mọ̀ lé òun ni. Gbólóhùn kan ló kù tí mo lè fi bẹ̀ ẹ́: "Ìyá mi, mi ò mọ̀ ọ́n." Bí mo bá ti jókòó tì í báyìí, ẹnu mi kì í gbà á.